Bí Bọ́ńdírì Ṣe Gba Orúkọ, àti Bí Bùsàrí Ṣe Yẹ Ààlà Mi

Bùsàrí Àkàní, ọmọ Olóòro bíi tèmi, ẹni tí a jọ wọ ọkọ̀ kan náà kúrò nílé, ni ó yẹ ààlà mi ní Ajégúnlẹ̀. Ọjọ́ Àìkú ni, ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972, ọjọ́ tí ìjọba pàṣẹ pé kí gbogbo ọkọ̀ ilẹ̀ Nàìjíríà kúrò ní ọwọ́ òsì kí wọ́n bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún. Kí oòrùn tó kan àtàrí, ó ti parí iṣẹ́ náà.

Mo dárúkọ rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn ni mò ń sọ. Ìwé mẹ́ta péré ni mo kà nílé-ẹ̀kọ́. Ìyókù, kíláàsì àgbà ìrọ̀lẹ́ ni mo ti kọ́ ọ ní Ajégúnlẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n yẹ ààlà rẹ̀ kò nílò ìwé púpọ̀ kí ó tó lè ké. Ẹ̀yin ará Olóòro, ìgbàkígbà tí mo bá wálé ni ẹ máa ń bi mí pé báwo ni ìdálẹ̀ ti rí, n ó sì dáhùn pé a dúpẹ́. Ní ọ̀tẹ̀ yìí, n ó sọ bí ó ti rí gan-an, n ó sì sọ bí a ṣe dé ibi tí ìyàwó mi ti ń tọrọ ààyè lọ́wọ́ Bùsàrí kí ó tó lè dáná.

*Apápá kò retí wa*

Ọdún 1962 ni èmi àti Bùsàrí kọ́kọ́ fojú kan Apápá. Télọ̀ ni Bùsàrí. Ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ wà lórí rẹ̀, okùn tí ó fi ń wọn aṣọ sì wà lọ́rùn rẹ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀ ìyàwó. Èmi kò ní ju ọkọ́ kan àti èjìká méjì lọ. Nílé níbí, wọ́n ti sọ fún wa pé ọkọ̀ ojú omi tó wà ní Apápá ga ju ààfin lọ. Òótọ́ ni. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún wa ni pé àwọn tí ń gbé Apápá kò retí wa.

A rìn wọ àdúgbò àwọn òyìnbó. Wọ́n gé koríko ibẹ̀ bí ìgbà tí onígbàjámọ̀ bá fá orí ọmọ tuntun, kò sì sí ewúrẹ́ kankan níbẹ̀ tí ń jẹ ẹ́.

"Yésúfù," ni Bùsàrí wí, "àwọn wọ̀nyí ń gbin koríko o!"

"Bóyá ẹṣin wọn ni wọ́n ń gbìn ín dè," ni mo dá a lóhùn.

Ajá ni ó jáde, kì í ṣe ẹṣin. Nígbà tí a ó fi dúró, a ti bá ara wa ní òpópónà Wọ́ọ̀fù láàrin àwọn ọkọ̀ akẹ́rù, Bùsàrí kò sì jẹ́ kí ẹ̀rọ ìránṣọ náà bọ́ lórí rẹ̀. Títí di òní, mo ń yìn ín fún ìyẹn. N kò sọ pé kò ní ìwà rere kankan.

Mégáàdì kan tí ó jókòó níwájú ọ́fíìsì àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi wò wá láti orí dé ẹsẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀yin tí ẹ di ẹrù sórí yìí, ibí kọ́ ni ẹ ń lọ. Ẹ kọjá sí òdì kejì. Ajégúnlẹ̀ ni ẹ ń wá."

Mo bi í pé, "Báwo la ó ṣe mọ̀ pé a ti débẹ̀?"

"Bí ẹ bá ti rí i pé kò sẹ́ni tó bi yín pé kí lẹ wá ṣe," ni ó dáhùn, "ẹ ti débẹ̀ nìyẹn."

*Ẹsẹ̀ kan ní Èkó, ẹsẹ̀ kan ní Ìwọ̀-Oòrùn*

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ó rí. Ní ibi tí wọ́n ń pè ní Bọ́ńdírì, ẹnikẹ́ni kò bi wá ní nǹkan kan. Àwọn ènìyàn ń ta ọjà, wọ́n ń kígbe, wọ́n ń fi èjìká gbá wa kọjá, wọ́n sì ń tọrọ àforíjì ní èdè márùn-ún. Bàbá arúgbó kan, ọmọ Àwórì, ni ó jókòó lẹ́bàá òpó sìmẹ́ńtì kúkurú kan tí ewúrẹ́ ń fi ara ha. Bàbá Onílẹ̀ ni gbogbo ayé ń pè é, ọwọ́ rẹ̀ ni a sì ti gba ilẹ̀.

Bọ́ńdírì ni òyìnbó ń pe ààlà. Mo bi bàbá pé ààlà ta ni, ó sì fi ọ̀pá rẹ̀ lu òpó náà.

"Àwọn sọ̀féyọ̀ ló ri èyí mọ́lẹ̀ nígbà tí mo ṣì wà ní ọ̀dọ́. Wọ́n ní ìhín ni ti Èkó, ọ̀hún ni ti ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn. Mo bi wọ́n pé ta ni wọ́n bi léèrè kí wọ́n tó pín in. Wọ́n ní ìwé làwọn bi."

"Kí lẹ̀yin ń pe ibẹ̀ tẹ́lẹ̀, bàbá?"

"A ò pè é ní nǹkan kan. Ibi tí a ń gbà kọjá ni. Ta ní í sọ ibi tó ń gbà kọjá lórúkọ? Àwọn awakọ̀ ló sọ ọ́ di orúkọ. Bí ọkọ̀ bá ti dé ìdí òpó yìí, á dúró, awakọ̀ á ní, 'Bọ́ńdírì rè é o, ẹ sọ̀ kalẹ̀!' Ẹni tó bá ti sọ̀ kalẹ̀ níbì kan ní ẹ̀ẹ̀mẹwàá, ó ti mọ orúkọ ibẹ̀ nìyẹn."

Ẹ̀yin ará ilé, mo ti gbọ́ ìtàn bí àwọn jagunjagun ṣe tẹ ìlú dó, àti bí ọdẹ ṣe rí odò. N kò tíì gbọ́ ti ìlú tí awakọ̀ sọ lórúkọ nítorí pé ó fẹ́ kí àwọn èrò bọ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ti Bọ́ńdírì ti rí nìyẹn.

Mo sì gbọ́dọ̀ sọ àǹfààní òpó náà. Bí agbowó-orí ti Ìwọ̀-Oòrùn bá yọ lókèèrè, gbogbo ọkùnrin yóò rọra kọjá títì, wọn yóò dúró lórí ilẹ̀ Èkó, wọn yóò sì kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀: "Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá! Ará ilé ńkọ́?" Inú yóò máa bí i, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbọdọ̀ kọjá òpó. Bí ti Èkó bá dé lọ́jọ́ kejì, a ó tún kọjá padà. Èmi náà kọjá. Bùsàrí kọjá ju gbogbo wa lọ. Okùn ìwọn-aṣọ rẹ̀ a máa fẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ bí ìrù ẹṣin.

Bàbá Onílẹ̀ fi ẹsẹ̀ wọn ilẹ̀ fún wa láti ẹ̀yìn títì lọ sí etí omi. Bùsàrí gba ìdajì òkè, nítorí pé télọ̀ ń fẹ́ ojú ọ̀nà. Èmi gba ìdajì ìsàlẹ̀.

"Ibi tí omi bẹ̀rẹ̀ ni tìrẹ parí sí," ni bàbá wí fún mi.

"Omi ìgbà wo, bàbá? Tòjò ni tàbí tẹ̀ẹ̀rùn?"

Ó wo Bùsàrí, ó wo èmi, ó rẹ́rìn-ín. "Ọmọ ará òkè," ni ó wí, "ìbéèrè rẹ pọ̀ ju ilẹ̀ rẹ lọ."

*Ilé akàn*

Ní etí omi náà, obìnrin apẹja kan ti wà ṣáájú wa. Ìyá Ìlàjẹ ni a ń pè é. Orí òpó igi ni ilé rẹ̀ wà, ó sì máa ń so ọkọ̀ rẹ̀ mọ́ èèkàn kan ní ìsàlẹ̀ ilẹ̀ mi. Yorùbá tirẹ̀ kì í ṣe irú tiwa. Ní oṣù àkọ́kọ́, ọwọ́ ni a fi sọ ìdajì ọ̀rọ̀ wa. Ṣùgbọ́n kò dúró di ìgbà tí a óò gbọ́ èdè ara wa kí ó tó bọ́ wa. Lọ́jọ́ tí a dé, ó gbé púpurú síwájú wa, òkèlè tí wọ́n fi gbágùúdá ṣe, pẹ̀lú ọbẹ̀ tí odidi akàn jókòó sí àárín rẹ̀.

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ohun tí ó bá ní ẹsẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, tí ó sì ń fi ẹ̀gbẹ́ rìn, a kì í jẹ ẹ́ nílẹ̀ wa. Ṣùgbọ́n àlejò kì í kọ oúnjẹ. Mo fi akàn náà sẹ́nu, mo bẹ̀rẹ̀ sí í rún un. Ariwo rẹ̀ dà bí ìgbà tí ènìyàn ń tẹ ìkarahun ìgbín.

"Ọmọ mi, kí lò ń jẹ?" ni màmá bi mí.

"Akàn ni, mà. Ó dùn."

"Ilé akàn lò ń jẹ. Akàn fúnra rẹ̀ wà nínú ilé."

Bùsàrí rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Òun náà kò sì tíì fọwọ́ kan tirẹ̀ o. Ó ti tì í sí ẹ̀gbẹ́ àwo, ó ń wò ó bóyá yóò dìde lọ fúnra rẹ̀.

*Pèrègún*

Èmi kò lè sùn lórí ilẹ̀ tí kò ní ààlà. Bàbá mi kò sùn lórí irú rẹ̀ rí, bàbá tirẹ̀ náà kò sì sùn. Nígbà tí mo wálé ọdún Iléyá, mo gé igi pèrègún nínú oko wa, mo dì í mọ́ ẹrù mi, mo sì gbé e lọ sí Ajégúnlẹ̀. Àwọn èrò ọkọ̀ rò pé oògùn ni. Wọ́n fún mi láàyè dáadáa láti jókòó.

Ọ̀wọ́ méjì ni mo gbìn: ọ̀wọ́ òkè láàrin èmi àti Bùsàrí, ọ̀wọ́ ìsàlẹ̀ láàrin èmi àti Ìyá Ìlàjẹ. Ẹ mọ bí a ti ń ṣe é. Aládùúgbò méjèèjì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Bùsàrí di orí okùn kan mú, èmi di èkejì, a sì jọ fi ẹsẹ̀ tẹ ìdí pèrègún náà mọ́lẹ̀, òun láti òkè, èmi láti ìsàlẹ̀. Ẹni tí ó bá ti tẹ ìdí pèrègún mọ́lẹ̀ kò tún gbọdọ̀ fà á tu lẹ́yìn ẹnìkejì. Bùsàrí mọ̀ bẹ́ẹ̀. Olóòro ni wọ́n ti bí i, kì í ṣe orí omi.

Káfíńtà kan tí ó jẹ́ ọmọ Ùròbò ń kọjá lọ, ó dúró wò wá. "Ọ̀gá, na flower be dis?"

"Na bọ́ńdírì," ni mo dáhùn.

Ó nawọ́ sí òpó sìmẹ́ńtì. "Government don plant im own finish," ni ó wí, ó sì ń rẹ́rìn-ín lọ.

Ti ìsàlẹ̀ ni ó mú ìtìjú bá mi. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni mo gbìn ín, ní ibi tí omi fà sẹ́yìn dé. Èmi tí mo jẹ́ ará oko, mo rò pé omi ní ojú kan tí ó ń gbé. Ìyá Ìlàjẹ bi mí pé, "Ṣé ewé yìí ló máa sọ fún omi pé kó dúró?" Nígbà tí òjò dé, ààlà mi bọ́ sínú omi dé ọrùn. Ẹja ń kọjá ààlà mi láìtọrọ ààyè. Síbẹ̀, pèrègún náà kò kú, ti òkè sì ga ju òrùlé lọ, tí ó fi jẹ́ pé àwọn awakọ̀ tí ó sọ Bọ́ńdírì lórúkọ bẹ̀rẹ̀ sí í pe ọ̀dọ̀ wa ní Ìdí Pèrègún. Ẹ dé Bọ́ńdírì lónìí, ẹ bèèrè Ìdí Pèrègún, ẹ óò rí i bí wọn yóò ṣe júwe rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ bi Bùsàrí pé ta ló gbìn ín. Ó ti sọ fún gbogbo oníbàárà rẹ̀ pé òun ni.

*Ààlà lọ, orúkọ kù*

Ní oṣù karùn-ún ọdún 1967, rédíò kéde pé ìjọba ti pín orílẹ̀-èdè sí ìpínlẹ̀ méjìlá. Èkó di ìpínlẹ̀, ó sì kó Ajégúnlẹ̀ mọ́ra. Ìhín di Èkó, ọ̀hún di Èkó. Òpó sìmẹ́ńtì náà ṣì dúró síbẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní ohun tí ó ń yà sọ́tọ̀ mọ́. Ewúrẹ́ nìkan ni ó ṣì ń rí ìlò rẹ̀.

Àwa kò gba rédíò gbọ́ títí agbowó-orí fi dé. A rọra kọjá títì gẹ́gẹ́ bí ìṣe wa. A tò, a kí i: "Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá! Ará ilé ńkọ́?"

Ọkùnrin náà wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó gbé ẹsẹ̀, ó sì kọjá wá bá wa.

"Wọ́n wà dáadáa," ni ó wí. "Wọ́n ní kí n kí yín."

Bàbá Onílẹ̀ rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Mo bi í pé nígbà tí ààlà ti lọ, ṣé wọn yóò pa orúkọ ibẹ̀ dà. Ó ní, "Ṣé àwọn awakọ̀ ti dákẹ́ ni?" Ọdún tí ogun parí ni bàbá náà kú, ẹni tí ó mọ ibi tí ó fi ẹsẹ̀ wọ̀n fún wa sì bá a lọ.

*Ọ̀tún àti òsì*

Ní ọjọ́ Àìkú tí mo dárúkọ, kò sí ẹni tí ó dúró sílé ní Ajégúnlẹ̀. Gbogbo wa jáde sí etí títì láti wo bí ọkọ̀ yóò ṣe pa ọwọ́ dà. Àwọn kan gbé àga lọ. Ìyàwó mi, Ráfátù, gbé ẹ̀pà lọ, ó sì tà á tán. A retí kí ọkọ̀ kọlu ara wọn, ṣùgbọ́n wọ́n ń rọra rìn bí ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìrìn. Ẹ̀rù bà wá díẹ̀, inú wa sì bàjẹ́ díẹ̀ pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀.

Nígbà tí mo padà délé, nǹkan ti ṣẹlẹ̀. Bùsàrí nìkan ni kò jáde. Ó ti hú pèrègún òkè, ó sì ti rì í sí ìsàlẹ̀, ẹsẹ̀ méje sínú ilẹ̀ mi. Ilé ìdáná Ráfátù, tí a kọ́ sí abẹ́ ààlà, ti bọ́ sí òkè ààlà. Bùsàrí dúró níbẹ̀ pẹ̀lú amọ̀ lọ́wọ́ àti okùn lọ́rùn.

"Bùsàrí, kí lèyí?"

"Yésúfù ọ̀rẹ́ mi, òní ni gbogbo nǹkan ń pa ọwọ́ dà. Àbí o fẹ́ tako ìjọba ni?"

"Ọkọ̀ ni ìjọba ní kó pa ọwọ́ dà!"

"Mo tún un wọ̀n ni. Ibẹ̀ gan-an ló yẹ kó wà tẹ́lẹ̀. Okùn kì í purọ́."

"Okùn kì í purọ́," ni Ráfátù dá sí i láti ẹ̀yìn mi, "ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n, ta ló rán bùbá mi tó kúrú lápá?"

Láti ọjọ́ náà, àràárọ̀ ni ìyàwó mi ń dúró níwájú ilẹ̀kùn ilé ìdáná tí mo fi ọwọ́ ara mi kọ́, tí ó ń wí pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀gbọ́n, mo fẹ́ dáná." Bùsàrí yóò gbójú sókè láti ìdí ẹ̀rọ rẹ̀: "Kí lẹ fẹ́ sè lónìí?" Bí ọbẹ̀ náà bá wù ú, yóò jókòó bá wa jẹ ẹ́. Ó wù ú nígbà gbogbo. Mo gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́ pé kò tíì lé Ráfátù padà rí, ó sì máa ń yìn ín. Ṣùgbọ́n ta ní í tọrọ àyè láti wọ ilé ara rẹ̀ fún ọdún méje?

Mo pe ìpàdé àwọn àgbà Olóòro tí ó wà ní Ajégúnlẹ̀. Wọ́n wá, wọ́n jókòó. Aṣọ tí Bùsàrí rán fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́ ní ọdún Iléyá ni gbogbo wọn wọ̀ wá. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ náà ta kókó, ó dìgbà mìíràn. Ìdí nìyí tí mo fi gbé ìwé yìí wálé wá bá yín, ẹ̀yin tí Bùsàrí kò tíì wọ̀n lára.

Mo sì ní ẹlẹ́rìí. Bùsàrí kò hú gbòǹgbò pèrègún náà tán. Ní òjò àkọ́kọ́, ó hù padà ní ojú ibi tí a ti jọ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ní àárín àgbàlá Bùsàrí. Ó da omi gbígbóná sí i, ó tún hù. Ó gbé òkúta lé e, pèrègún gba ẹ̀gbẹ́ òkúta jáde. Ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ lè lọ wò ó.

*Ohun tí Bùsàrí kò mọ̀*

Ó ku ọ̀rọ̀ kan. Bùsàrí kò mọ̀ ọ́n, nítorí náà mo lè fi í pamọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń wá ìdájọ́ kò gbọdọ̀ gé ọ̀rọ̀ bí télọ̀.

Ní ẹ̀ẹ̀rùn tí ó tẹ̀lé ọdún tí ìjọba yí ààlà Èkó padà, Ìyá Ìlàjẹ lọ sí ìlú rẹ̀ fún àjọ̀dún ìjọ wọn. Omi ti fà sẹ́yìn gan-an. Mo ní nínú ara mi pé bí ìjọba bá lè sún ààlà, kí ló dé tí èmi kò lè sún tèmi. Mo hú pèrègún ìsàlẹ̀, mo rì í sí ẹsẹ̀ mẹ́fà síwájú, mo sì kọ́ yàrá kan sí ibi tí ó ti wà. Nígbà tí màmá padà, èèkàn ọkọ̀ rẹ̀ ti wà lábẹ́ ògiri mi.

"Omi ni mo mọ̀ tó máa ń ṣí," ni ó wí. "N ò mọ̀ pé ewé náà máa ń ṣí." Ó sì lọ ri èèkàn mìíràn sí ibi tí ẹrẹ̀ pọ̀ sí.

Gbòǹgbò pèrègún tèmi náà kù sílẹ̀. Ó ń hù lábẹ́ fèrèsé yàrá mi. Gbogbo òwúrọ̀ Jímọ̀, kí n tó lọ sí mọ́ṣáláṣí, mo máa ń fi àdá gé e.

Nígbà tí màmá gbọ́ pé mò ń bọ̀ wá bá yín, ó gbé ẹja gbígbẹ wá fún mi fún ọ̀nà. "Kọ ọ́ dáadáa," ni ó wí. "Bí àwọn ènìyàn rẹ bá sì ní kí olúkúlùkù padà sí ibi tí pèrègún ti kọ́kọ́ hù, wá sọ fún mi, kí n lè lọ wá èèkàn mi."

Ẹ̀yin ará Olóòro, ẹ bá wa dá a bí ẹ ṣe máa dá a ká ní oko wa níbí ni. Ẹ dá ti Bùsàrí, ẹ má sì fi tèmi sílẹ̀. Ní òwúrọ̀ Jímọ̀ tí mo wọkọ̀ wálé, mo mú àdá, mo dúró lábẹ́ fèrèsé, n kò sì gé e. Kí ẹ tó ka ìwé yìí tán, yóò ti ga dé orókún.